Odò Kékeré Inú Oko: Ǹjẹ́ Omi Rẹ̀ Dára fún Ẹja àti fún Ènìyàn?

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, odò kékeré inú oko ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní abala ìlera àti ìmọ́tótó wa lónìí. Ní Ilémọ̀nà, tí í ṣe olú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun ní ìpínlẹ̀ Kwara, àti ní àwọn ìlú tó sún mọ́ ọn bí Ìpẹ́e, Ìjàgbó, Ẹ̀rìn-Ilé àti Òjòkù, àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa. Bí a bá wà lóko, omi odò ni a fi ń ṣe àlùwàlá, òun ni àwọn mìíràn ń bu mu, òun ni a fi ń po oògùn apako, inú rẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ti ń pẹja. Omi tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí, ó yẹ kí a mọ bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Omi àlùwàlá àti omi mímu

Fíqìhù kọ́ wa pé bí ẹ̀gbin kò bá tíì yí àwọ̀ omi, ìtọ́wò rẹ̀ tàbí òórùn rẹ̀ padà, omi náà mọ́ fún ìjọ́sìn. Ìrọ̀rùn ni èyí jẹ́ láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ nípa ìjọ́sìn nìyẹn, kì í ṣe àṣẹ pé kí a máa mu omi náà. Kòkòrò tó ń fa onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Omi lè mọ́ gaara, kí ó má rùn, kí àrùn sì wà nínú rẹ̀.

Àtọ̀sí ajá tilẹ̀ wà tí kò dúró kí a mu omi kí ó tó wọlé. Inú àwọn ìgbín omi kéékèèké ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde, ó sì ń gba awọ ara ẹni tó bá dúró nínú odò wọlé. Nítorí náà, ẹ má sọ inú odò di ibi àlùwàlá. Ẹ bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, ẹ dé e, ẹ jẹ́ kí ó lo ọjọ́ méjì gbáko kí ẹ tó fi wẹ̀ tàbí kí ẹ tó fi ṣe àlùwàlá. Kòkòrò náà kì í pẹ́ púpọ̀ kí ó tó kú bí kò bá rí ara wọ̀. Ti mímu yàtọ̀ ní tirẹ̀: ẹ sè é kí ó hó dáadáa.

Ẹ̀rí tí ẹja ń jẹ́

Ẹja ń mí gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń mí, ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó ti pò mọ́ omi ni ó ń lò. Ọ̀pọ̀ ẹja ilẹ̀ olóoru ń fẹ́ nǹkan bíi mílígíráàmù 5 atẹ́gùn yìí nínú lítà omi kan kí ara lè tù wọ́n. Bí òjò bá fọ ajílẹ̀ láti oko wọ odò, ewédò á máa jẹ ẹ́, á sì gbilẹ̀. Lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn ń ràn, ewédò ń tú atẹ́gùn sínú omi. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í lo atẹ́gùn pẹ̀lú ẹja. Ìdí nìyí tí atẹ́gùn inú omi fi máa ń kéré jù lọ ní àsìkò ìrun àsùbáà. Bí ewédò bá kú, tó ń jẹrà, atẹ́gùn á tún dín sí i. Ẹja tó ń la ẹnu lójú omi ní ìdájí, èémí ló ń wá.

Ẹ̀rí gbogbo ẹja kò dọ́gba. Àrọ̀ ní ohun èlò kan lókè ìjàgbọ̀n rẹ̀ tó fi ń gba afẹ́fẹ́ òkè omi, ó sì lè wà láàyè nínú ẹrẹ̀ tó ti pa ẹja mìíràn. Odò tí a kò ti rí ẹja kankan mọ́ àyàfi àrọ̀, ẹ má ṣe sọ pé ó dára. Bí a bá rí oríṣiríṣi ẹja, ńlá àti kékeré, pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹja wẹ́wẹ́, ẹ̀rí tó lágbára nìyẹn.

Síbẹ̀, atẹ́gùn àti oògùn olóró ni ẹja lè jẹ́rìí sí. Kò lè jẹ́rìí sí kòkòrò àrùn tó wà nínú ìgbẹ́ ènìyàn, nítorí kì í pa ẹja.

Ohun tí a rí kọ́ ní Ọ̀ffà

Ìdídò wà lórí odò Ọ̀yun ní Ọ̀ffà, tí wọ́n ṣe kí ìlú lè rí omi lò. Ní ọdún 2008, Moshood Mustapha, onímọ̀ nípa ẹja ní Yunifásítì Ìlọrin, tẹ ìwádìí jáde lórí bí omi ibẹ̀ ṣe rí. Lára ohun tó ń yí omi náà padà ni ajílẹ̀ tí òjò ń fọ̀ láti oko àyíká, àti ìgbẹ́ màlúù. Odò ńlá kì í dá ara rẹ̀ kún. Àwọn odò kéékèèké ló ń kó omi fún un. Ohun tí a bá dà sí odò ẹ̀yìn oko wa, ẹlòmíràn ni yóò bá a pàdé nísàlẹ̀.

Bí a ṣe ń yẹ odò wò

1. Ẹ yan ojúkò méjì: ọ̀kan lókè kí odò tó kan oko, èkejì nísàlẹ̀ lẹ́yìn tó ti kọjá oko. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni yóò sọ ohun tí oko ń ṣe fún odò.

2. Ẹ bu omi ojúkò kọ̀ọ̀kan sínú ìgò funfun, kí ó sùn títí di ọjọ́ kejì. Ẹ wo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó sìlẹ̀ àti epo tó léfòó, kí ẹ sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ má tọ́ ọ wò.

3. Ẹ wọ bàtà rọ́bà, kí ẹ ṣí òkúta inú odò. Bí ẹ bá rí ọmọ lámilámi àti oríṣiríṣi kòkòrò mìíràn tó ń mí nínú omi, ó dára. Bí ó bá jẹ́ tanwíji nìkan, kì í ṣe ẹ̀rí ire, nítorí òkè omi ni tanwíji ti ń mí.

4. Ẹ wo ẹja ní ìdájí àti ní ọ̀sán, kí ẹ kọ oríṣi tí ẹ rí sílẹ̀.

5. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà òjò àkọ́rọ̀, àti nígbà tí òjò bá ti rinlẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ló ń kó ìdọ̀tí púpọ̀ wọ odò.

6. Ẹ gbé omi lọ sí ibi àyẹ̀wò. Ọwọ́ wọn ni kí ẹ ti gba ìgò tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀; ẹ fi yìnyín sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó sì débẹ̀ lọ́jọ́ náà. Etí odò gan-an ni wọ́n ti ń wọn atẹ́gùn. Ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà fẹ́ kí pH wà láàárín 6.5 sí 8.5, kí nitrate má ju mílígíráàmù 50 nínú lítà kan lọ, kí E. coli má sì sí rárá nínú mílílítà 100. Sísè ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kì í yọ nitrate tàbí oògùn apako kúrò. Nitrate tó pọ̀ sì léwu fún ọmọ ọwọ́ tí a ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ po oúnjẹ fún.

Ẹja tó kú lójijì

Àwọn kan máa ń da Gamalin 20 sódò kí wọ́n lè kó ẹja. Oògùn kòkòrò oko ni. Lindane tó wà nínú rẹ̀ wà lára ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fẹnu kò lé lórí ní 2009 pé kí a dẹ́kun lílò rẹ̀. Ẹnìkan lè sọ pé ẹja kò nílò pípa, pé òkú rẹ̀ náà ẹ̀tọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí májèlé pa, májèlé wà lára rẹ̀, ẹ̀sìn wa kò sì gbà kí a ṣe ara wa tàbí ẹlòmíràn ní jàǹbá. Bí ẹja bá léfòó lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má kó o jẹ, ẹ má tà á, ẹ má sì jẹ́ kí màlúù mu omi náà. Ẹ fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa

Ẹ fi koríko àti igi sílẹ̀ létí odò, ó kéré tán ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, kí ó lè máa sẹ́ omi tó ń ti oko bọ̀. Ẹ má fọ ẹ̀rọ tí ẹ fi fín oògùn sínú odò, ẹ má sì sọ ike oògùn síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ṣáláńgá jìnnà sí omi tó mítà 30. Ànábì wa (ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a) kìlọ̀ pé ẹni tó ń yàgbẹ́ sí ibi tí ènìyàn ti ń pọnmi ń fa ègún sórí ara rẹ̀.

Ẹ má rò pé kò ṣeé ṣe. Sòbìyà da àgbẹ̀ púpọ̀ dùbúlẹ̀ nílẹ̀ wa rí. Asẹ́ ni wọ́n fi ń sẹ́ omi, wọ́n sì kìlọ̀ fún ẹni tí egbò sòbìyà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kí ó má wọ odò. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìyà ti kúrò ní Nàìjíríà.

Kí Ọlọ́hun fi omi tó mọ́ kẹ́ wa, kí ó sì má jẹ́ kí ọwọ́ wa ba ohun tí Ó dá fún wa jẹ́. Àmín.