Kí Ló Wà Nínú Páálí Awò Awọ̀nàjíjìn Olówó Pọ́ọ́kú?

Níbí ní Airdrie, àwọn òbí máa ń bi mí pé awò awọ̀nàjíjìn wo ni kí àwọn rà fún ọmọ. Ẹ jẹ́ ká yẹ páálí rẹ̀ wò kówó tó jáde.

Wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 525. Ẹnu ọlọ́jà nìyẹn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ awò ni kó kó ìmọ́lẹ̀ jọ, fífẹ̀ dígí iwájú rẹ̀ ló sì ń pinnu iye tó lè kó. Ìṣirò rẹ̀ ò le: ẹ fi 2 sọ fífẹ̀ dígí náà di púpọ̀. Tí dígí bá jẹ́ mìlímítà 60, ìlọ́po 120 ni òpin rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọjá ibẹ̀, àwòrán á tóbi lóòótọ́, àmọ́ á ṣókùnkùn, á sì rí bàìbàì. Ìlọ́po bíi 20 péré ni Galileo lò lọ́dún 1610 tó fi rí òṣùpá mẹ́rin tó ń yí Júpítà po.

Àléébù kejì ni ẹsẹ̀ mẹ́ta tó gbé e dúró. Tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ìka lásán á mì ín, ohun tẹ́ ẹ ń wò á sá lọ. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn: awò ló kùnà, ọmọ á rò pé òun ni ò mọ̀ ọ́n wò.

Ẹ̀kẹta léwu. Àwọn kan máa ń ní dígí dúdú kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ ibi tí ojú ń wò, pé ká fi wo oòrùn. Ẹ sọ ọ́ nù! Ooru lè là á lójijì, ojú ọmọ á sì bàjẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ lo dígí ojú tí nọ́ńbà ara rẹ̀ tóbi jù, 20 tàbí 25, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ wo òṣùpá. Iná Calgary ò lè ba ìyẹn jẹ́. Nígbà òtútù, ẹ gbé e síta fún bí ààbọ̀ wákàtí kẹ́ ẹ tó wò ó, kí ara rẹ̀ lè tutù bí ìta.

Tẹ́ ò bá tíì rà á, awò olójú méjì 10x50 tó dáa sàn jù ú lọ. Yunifásítì Calgary náà ní ibùdó ìwòràwọ̀ Rothney lẹ́bàá Priddis, wọ́n sì máa ń gba aráàlú láyè lálẹ́ àwọn ọjọ́ kan. Ẹ lọ wo tiwọn ná. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.