Táyé Kì Í Ṣe Karaba

Ìbejì ni mo bí, ọmọ ọdún méje ni wọ́n: Táyé obìnrin, Kẹ́yìndé ọkùnrin. Àbúrò bàbá wọn tó ń gbé Kútọnu ló mú fíìmù Kirikou wá fún wọn. Àtìgbà náà, Kẹ́yìndé ló ń ṣe Kirikou, ọmọkùnrin akọni inú fíìmù náà, Táyé ni wọ́n ní kó máa ṣe Karaba, àjẹ́ inú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí Táyé lọ pọnmi nídìí pọ́ǹpù, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àgbàlá pariwo pé “Àjẹ́ ń bọ̀ o!” ni gbogbo wọn bá sá fún un. Ẹkún ló sun wọlé. Bàbá wọn ní eré ọmọdé ni. Ṣé kí n gba fíìmù náà lọ́wọ́ wọn?
Ìyá Ìbejì, Ṣábẹ̀ẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Bàbá wọn ò jẹ̀bi tán: eré ni. Àmọ́ orúkọ tí wọ́n fi ń ṣeré ni kì í ṣe eré. Nílùú tiwa, wọ́n ti fi “àjẹ́” lé opó kúrò nílé ọkọ, wọ́n sì ti fi ba orúkọ arúgbó tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan jẹ́. Ẹ pe gbogbo ọmọ àgbàlá jọ lónìí, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Ohùn líle ni kí ẹ fi sọ ọ́.

Fíìmù ńkọ́? Ẹ má gbà á. Michel Ocelot, ará Faransé tó lo ìgbà èwe rẹ̀ ní Gínì, ló gbé e jáde ní 1998, Youssou N'Dour ló sì ṣe orin rẹ̀. Ó dára, mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ẹ wo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ gidi níbẹ̀. Ọmọkùnrin ló ń gba abúlé là. Àwọn obìnrin ń sunkún, wọ́n ń kó góòlù wọn fún Karaba. Ìyá Kirikou gbọ́n, òun ló fún un ní ọ̀bẹ bàbá rẹ̀, síbẹ̀ ilé ló jókòó sí. Obìnrin tó lágbára jù níbẹ̀, òun náà ni ìkà. Ẹ ò lè bá Kẹ́yìndé wí pé ohun tó rí ló ń ṣe.

Ohun tí àwọn ọmọ máa ń fò ni ìbéèrè tí Kirikou ń bi gbogbo ènìyàn: kí ló dé tí Karaba fi burú? Bàbá àgbà tó wà lórí òkè ló dá a lóhùn: àwọn ọkùnrin ló gún ẹ̀gún olóró mọ́ ọn lẹ́yìn, ìrora náà ò sì jẹ́ kó sinmi. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ dá fíìmù náà dúró níbẹ̀, kí ẹ bi Kẹ́yìndé pé ta ló kọ́kọ́ ṣèkà. (Nígbà tí Kirikou fi eyín yọ ẹ̀gún náà, agbára Karaba bá ìrora rẹ̀ lọ. Ìyẹn ni mi ò dárí rẹ̀ ji Ocelot.)

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pààrọ̀: Táyé di Kirikou, Kẹ́yìndé di Karaba. Bí bàbá wọn bá ní ọkùnrin kì í ṣe bí obìnrin, ẹ bi í pé ta ló ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ọkùnrin ni, pẹ̀lú ọyàn onígi láyà àti aṣọ obìnrin lára, nítorí kí ó lè yẹ́ àwọn ìyá sí. Láti 2001 ni UNESCO ti kéde eré yìí fáyé gbọ́. Pé wọn kì í sábà jẹ́ kí obìnrin gbé e, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Táyé nílò ẹlòmíì tó lè máa wò. Ère Agoodjie, obìnrin jagunjagun Dàhòmì, tí wọ́n ṣí ní Kútọnu ní 2022 ga tó mítà 30, àmọ́ kì í ṣe òun ni màá kọ́kọ́ fi han ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́. Àwọn baba ńlá wa tó sá gun òkè nítorí ogun Dàhòmì ò ní í bá mi yọ̀. Star Feminine Band ni kí ẹ wá fún un lórí fóònù. Natitingou ni wọ́n ti wá. Ní 2016 ni André Baleguemon kó àwọn ọmọbìnrin jọ, tó ń kọ́ wọn lórin lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó fi di 2020, wọ́n ti gbé àwo orin jáde. Ọmọbìnrin ló ń lu ìlù, ọmọbìnrin ló ń ta gìtá. Kẹ́yìndé náà gbọ́dọ̀ wò ó, kò gbọdọ̀ jẹ́ ti Táyé nìkan.

Ìbéèrè kan kù tí ẹ ò bi mí. Ẹ ní Táyé ló lọ pọnmi. Níbo ni Kẹ́yìndé wà? Kirikou tó ń fara wé, òun fúnra rẹ̀ ló wọnú ihò orísun lọ kí omi tó padà sí abúlé. Láti ọ̀la, kí àwọn méjèèjì jọ máa gbé korobá, kí bàbá wọn sì wà nílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó lè bá ẹni tó bá fi Kẹ́yìndé rẹ́rìn-ín wí.