Ẹ̀kọ́ Wa: Ike Tí À Ń Sẹ́ Omi Sí



Àwọn àgbà inú wa kò tíì gbàgbé sòbìà. Ní 1988 sí 1989, nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ń ṣe káàkiri Nàìjíríà, wọ́n lé ní 650,000. Ìpínlẹ̀ Kwara wà lára ibi tó ti jà. Aṣọ asẹ́ àti omi tó mọ́ ló ṣẹ́gun rẹ̀. Ní 2008 ni wọ́n rí ẹni tó ṣe é kẹ́yìn, ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Asẹ́ ṣe wá lóore.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé ló ń lo korobá ike méjì tí wọ́n gbé léra, pẹ̀lú amọ̀ sísun funfun tó dà bí àbẹ́là nínú tòkè. Amọ̀ yẹn ń mú ìdọ̀tí àti ọ̀pọ̀ kòkòrò. Ṣùgbọ́n kẹ́míkà tó bá ti yọ́ mọ́ omi, á gba ibẹ̀ kọjá ni. Omi tó wá dúró sí korobá ìsàlẹ̀, kò tún sí asẹ́ kankan níwájú rẹ̀ mọ́. Ohun tí korobá yẹn bá ní lára, òun là ń mu.

Báwo la ó ṣe mọ ike tó dára? Ẹ yí ìdí rẹ̀ wò. Ẹ ó rí nọ́ńbà láàárín ọfà mẹ́ta. Ike 2 àti 5 ló dára jù fún omi. Ike 3 máa ń ní èròjà tó ń mú un rọ̀, tó lè bọ́ sínú omi. Ike 7 jẹ́ àdàlù. Òmíràn nínú rẹ̀ ní bisphenol A, èyí tí àwọn ará Yúróòpù kà léèwọ̀ nínú ìgò oúnjẹ ọmọ ní 2011.

Nọ́ńbà nìkan kò tó o! Kẹ́ẹ̀gì oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko náà lè jẹ́ 2. Ẹ wo kẹ́ẹ̀gì tó gba epo pupa rí: ẹ fọ̀ ọ́ títí, àwọ̀ epo ò kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ike ń fa oògùn sára, ọṣẹ ò sì lè fà á jáde tán. NAFDAC ti fòfin de Paraquat láti January 1, 2024, àmọ́ kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ àtijọ́ ṣì lè wà nílé.

Nítorí náà:
1. Kẹ́ẹ̀gì oògùn tàbí korobá ọ̀dà, ẹ má fi pọn omi, ẹ má fi ta epo.
2. Àwa tí à ń ta kẹ́ẹ̀gì àlòkù, ká bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ká tó rà á. Bí ẹni tó ń tà á ò bá lè sọ, ká fi sílẹ̀ fún un.
3. Kẹ́ẹ̀gì oògùn tó ti tán, ká ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ká da omi ṣíṣàn náà sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín oko, ká wá dá a lu kí ẹnikẹ́ni má lè lò ó mọ́. Ẹ má sun ún níná.
4. Ẹ gbé asẹ́ omi sí ibòji. Oòrùn àti omi gbígbóná ń mú kí ike tú èròjà sílẹ̀.

Ìbéèrè fún ìpàdé wa: Kí ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì omi ilé rẹ kó tó di tìrẹ? Bí oníbàárà bá bi ọ́ nípa èyí tó o ń tà, kí lo máa sọ fún un?

Owó kẹ́ẹ̀gì kan ò tó ra ìlera ọmọ ẹnìkan. Ọjà á tà o.