Ọ̀kadà Tuntun: Kí Ni Ká Kọ́kọ́ Fi Kún Un?

Ẹ̀kọ́ tí mo gbé wá sára ògiri wa lọ́tẹ̀ yìí jẹ mọ́ físíìsì, ó jẹ mọ́ owó, ó sì jẹ mọ́ ẹ̀mí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ọ̀kadà ń gbé wá sílé ìwé. Tí ọ̀kadà tuntun bá sì wọ àdúgbò, gbogbo ènìyàn ló máa ń di ọ̀gá mẹkáníìkì: "Fi eléyìí kún un! Yọ tọ̀hún kúrò!" Ta ni ká wá gbọ́ tirẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà kan ilé wa gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Boxer tuntun, ó sì ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òun ló ń gbé àbúrò mi obìnrin lọ sílé ìwé láàárọ̀, lẹ́yìn náà a máa kó ẹrù láti oko wá sọ́jà. Owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ fún àtúnṣe kò ju 40,000 náírà lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó ra sàlẹ́ńsà aláriwo àti iná aláwọ̀ mèremère. Màmá wa ní akoto lòun fẹ́ rí. Wọ́n wá ní kí èmi tí mò ń ka físíìsì dá sí i. Ohun tí mo ṣàlàyé fún wọn nìyí.

Ìbéèrè méjì

Àwọn tó ṣe ọ̀kadà ti wọn agbára ẹ́ńjìnnì, bíréèkì, wáyà àti táyà kí wọ́n lè bára mu. Ohunkóhun tí a bá fi kún un yóò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀: ó lè gba epo, ó lè gba iná bátìrì, ó sì lè mú kó wúwo. Nítorí náà, ká tó sanwó, ká béèrè pé: Kí ni nǹkan yìí máa ṣe fún wa? Kí ló máa gbà lọ́wọ́ wa?

Akoto

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009 ni àjọ FRSC bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin akoto ní Nàìjíríà. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá sórí kí wọ́n má bàa mú wọn. Ó pani lẹ́rìn-ín, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìdí tí igbá kò fi lè ṣe iṣẹ́ akoto. Nínú akoto, fóòmù líle kan wà lábẹ́ ìkarahun rẹ̀. Tí orí bá kọlu ilẹ̀, fóòmù yẹn á máa rún wọlé, orí á sì dúró díẹ̀díẹ̀ dípò kó dúró lójijì. A ti kọ́ ọ ní kíláàsì pé tí momentum kan náà bá pẹ́ kó tó tán, agbára tó ń kọlu nǹkan á dín kù. Igbá kò ní fóòmù. Ó kàn máa fọ́ ni.

Ìwádìí kan tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2008 rí i pé akoto ń dín ikú àwọn tó ń gun alùpùpù tó ní jàǹbá kù ní nǹkan bí 42 nínú 100, ó sì ń dín ìfarapa orí kù ní nǹkan bí 69 nínú 100. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ so okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n o. Akoto tí a gbé kọ́ apá tàbí tí a gbé ka orí táǹkì kò dáàbò bo ẹnì kankan. Èyí tó bá sì ti gba ìkọlù gidi, ẹ má lò ó mọ́, torí fóòmù rẹ̀ ti rún.

Bíréèkì

Tí a bá ń lọ ní 30 km/h tí a wá sún un dé 60, eré di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n agbára tí bíréèkì máa gbà dúró di ìlọ́po mẹ́rin, torí ½mv² ni. Ẹni tó bá ń wá eré kún eré, bíréèkì ni kó kọ́kọ́ wò. Àwọn kan ń bẹ̀rù bíréèkì iwájú. Bẹ́ẹ̀ tí a bá tẹ bíréèkì, ìwúwo á sún síwájú, táyà iwájú á sì di ilẹ̀ mú ju ti ẹ̀yìn lọ. Ká máa tẹ méjèèjì pọ̀, jẹ́jẹ́, ká má ṣe fún ti iwájú pinpin lójijì.

Iná

Iná ọ̀kadà yìí jẹ́ 12 volt. Ká ní gílóòbù iwájú jẹ́ 35 watt: 35 ÷ 12 jẹ́ nǹkan bí 2.9 ampere. Tí a bá wá fi iná méjì kún un, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20 watt, 40 ÷ 12 jẹ́ nǹkan bí 3.3. Ẹ rí i pé ohun tí à ń fà lára wáyà ti ju ìlọ́po méjì lọ! Wáyà á gbóná, bátìrì kò sì ní kún dáadáa. Tí fíúsì bá ń jó, kì í ṣe ká fi bébà sìgá tó ń dán rọ́pò rẹ̀. Iná lè ran wáyà. Iná kan tó mọ́lẹ̀ dáadáa níwájú àti iná pupa tó ń tàn lẹ́yìn sàn ju mèremère lọ.

Ṣéènì

Èyí ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn jù, torí òkè tó wà lọ́nà oko. Ká ní irin eléyín iwájú ní eyín 14, ti ẹ̀yìn ní 42. 42 ÷ 14 = 3. Tí a bá fi eléyín 13 rọ́pò ti iwájú, ó di 3.23. Ọ̀kadà á fi nǹkan bí 8 nínú 100 fa ẹrù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí eré bá jẹ́ kan náà, ẹ́ńjìnnì á máa yí ní iye yẹn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, epo á sì máa lọ. Ó dára fún ẹni tó ń gun òkè lójoojúmọ́, kò dára fún ẹni tó ń rìn lórí ọ̀dà.

Ìbòrí ṣéènì ńkọ́? Àwọn kan máa ń yọ ọ́ kúrò fún oge. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ ọ́! Ìró, ìborùn àti híjáàbù àwọn ìyá wa ni ṣéènì máa kọ́kọ́ fà wọlé.

Sàlẹ́ńsà àti ẹrù

Sàlẹ́ńsà aláriwo kò sọ Boxer di ẹṣin. Kábúrétọ̀ tó bá a wá, sàlẹ́ńsà tó bá a wá ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ariwo náà kò sì ní jẹ́ kí ọlọ́kadà gbọ́ họ́ọ̀nù tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní ti kẹ́ríà, ẹ rántí moment. Ẹrù tó jìnnà sí ẹ̀yìn máa ń gbé iwájú sókè, ọwọ́ á wá fúyẹ́, ọ̀kadà kò sì ní gbọ́ràn. Kẹ́ríà kúkúrú tó sún mọ́ ìjókòó ló dára.

Ibi tí owó lọ

Nígbà tí a ṣe ìṣirò yìí tán, ẹ̀gbọ́n mi ra akoto méjì, ọ̀kan fún òun, ọ̀kan tó bá orí àbúrò mi mu. Ó ra irin gáàdì tó ń gba ẹsẹ̀ là tí ọ̀kadà bá ṣubú. Dígí méjèèjì wà níbẹ̀, ìbòrí ṣéènì náà wà níbẹ̀. Ó tọ́jú owó tó ṣẹ́kù fún ọ́ìlì àkọ́kọ́, torí ẹ́ńjìnnì tuntun máa ń bọ́ irin wẹ́wẹ́ sínú ọ́ìlì rẹ̀. Ti eyín 13, ó ní ó di ìgbà tí òun bá san gbèsè tán.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀kadà rẹ̀ dà bíi ti bàbá àgbà. Ó ní kò burú, òun náà fẹ́ di bàbá àgbà.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: Ẹ ka eyín iwájú àti ti ẹ̀yìn lára ọ̀kadà ilé yín nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, kí ẹ pín in. Ẹ kọ ìdáhùn yín sínú bébà kékeré, kí ẹ jù ú sínú àpótí Press Club kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. A ó lẹ ìdáhùn mọ́ ibí yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.