Àyẹ̀wò àti Ìtọ́jú Ẹ̀rọ Ìṣánko Àlòkù

Àwọn àgbà a máa wí pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àlòkù rí. Ẹ̀rọ tí a kùn ní ọ̀dà pupa tí ó ń dán yanran lè ti jẹ tán nínú, èyí tí ọ̀dà rẹ̀ sì ti ṣí lè ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ sí i lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo bí olóye ènìyàn ti í yẹ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò kí ó tó san owó, àti bí a ti í tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá rà á.

Ẹ̀rọ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni èyí tí katakata máa ń gbé sẹ́yìn láti fi ṣán koríko àti igbó kéékèèké. Sílaṣà ni àwọn awakọ̀ ń pè é. Apá irin mẹ́ta ni katakata fi ń gbé e: méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Harry Ferguson, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ni ó gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀. Katakata tí òun àti Henry Ford jọ gbé jáde ní ọdún 1939 ni ó sì sọ ọ́ di ohun tí a mọ̀ káàkiri. Ọ̀pá kan tí ń yí lẹ́yìn katakata ni ó ń gbé agbára lọ sínú àpótí eyín irin, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní gíábọ́ọ̀sì. Gíábọ́ọ̀sì yìí ni ó ń yí àwọn abẹ tí ó wà lábẹ́ ìbòrí irin. Ìgbà 540 ni ọ̀pá náà ń yí ní ìṣẹ́jú kan, èyíinì ni ìgbà mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ó ti lè wé etí agbádá mọ́ra kí ó sì fa ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Nítorí náà, owó nìkan kọ́ ni ẹni tí kò yẹ ẹ̀rọ wò lè pàdánù. Ọwọ́, ẹsẹ̀, tàbí ẹ̀mí pàápàá lè bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ogún àgbẹ̀ ní agbègbè Òkè-Ògùn dá owó jọ láti ra sílaṣà àlòkù kan, wọ́n sì rán ẹni mẹ́ta lọ wò ó. Òǹtajà bẹ̀rẹ̀ sí í kán wọn lójú pé, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ tètè san owó, ẹlòmíràn ń bọ̀ wá rà á.” Àgbà inú wọn dáhùn pé, “Ẹ ṣeun, ọ̀gá, ṣùgbọ́n owó ogún ènìyàn ni ó wà lọ́wọ́ wa.” Ìdáhùn ọlọ́gbọ́n ni èyí.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì katakata, kí wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fi ìtì igi líle gbé sílaṣà náà dúró kí ẹnikẹ́ni tó tẹrí wo abẹ́ rẹ̀. A kì í fi ẹ̀mí lé apá katakata lọ́wọ́; bí páìpù epo rẹ̀ bá bẹ́, irin náà yóò já lulẹ̀ lójijì.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n wo ìbòrí irin náà bóyá ó ti sán tàbí ó ti tẹ̀. Ibi tí a ti jó irin mọ́ irin lábẹ́ ọ̀dà tuntun ń bi wá léèrè pé: kí ni ó ṣẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Kí wọ́n ṣí gíábọ́ọ̀sì, kí wọ́n sì ti igi mímọ́ bọ̀ ọ́. Bí epo rẹ̀ bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Bí ègé irin wẹ́wẹ́ tí ń dán bá lẹ̀ mọ́ igi náà, eyín inú rẹ̀ ti ń jẹ ara wọn. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá rin fún epo, ó lè jẹ́ pé wáyà tàbí koríko ti wé mọ́ ọ̀pá ìsàlẹ̀, tí ó sì ti gé rọ́bà tí ń dá epo dúró. Kí wọ́n di irin tí abẹ so mọ́ mú, kí wọ́n mì í sókè sódò. Bí ó bá ń mì jọ̀gẹ̀jọ̀gẹ̀, béárìn rẹ̀ ti jẹ.

Abẹ gbọ́dọ̀ lè yẹ̀ sẹ́yìn fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá kọlu kùkùté. Abẹ tí ó bá sán, a kì í jó o. Ṣe ni a ń pààrọ̀ rẹ̀, àti èkejì rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé bí ọ̀kan bá wúwo ju èkejì lọ, gbogbo ẹ̀rọ náà yóò máa gbọ̀n.

Ní ọ̀pọ̀ sílaṣà, bóòtì kan wà lára ọ̀pá tí a dìídì ṣe kí ó má le púpọ̀, kí ó lè ṣẹ́ nígbà tí abẹ bá pàdé òkúta. Òun ni ó ń kú kí gíábọ́ọ̀sì má baà kú. Bí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ bá ti fi bóòtì líle rọ́pò rẹ̀, kí olùrà fura. Kí ó wo ìbòrí ọ̀pá náà pẹ̀lú. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí ó ra òmíràn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Níkẹyìn, kí wọ́n ní kí a tan án. Kí gbogbo ènìyàn jìnnà, nítorí òkúta tí abẹ bá ta lè fò tó mítà 100. Kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí wọ́n sì fetí sí ìró rẹ̀. Bí a bá sì pa á, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sún mọ́ ọn títí abẹ yóò fi dúró pátápátá. Òǹtajà tí ó bá kọ̀ láti tan ẹ̀rọ rẹ̀ ti sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo àbùkù ni a ń sá fún. Kí olùrà ṣírò iye tí àtúnṣe yóò gbà, kí ó sì yọ ọ́ kúrò nínú owó tí yóò san.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá ti délé, ìtọ́jú kù. Kí a fi gírísì sí oríkèé ọ̀pá lẹ́yìn wákàtí 8 iṣẹ́. Kí a yẹ epo gíábọ́ọ̀sì wò, kí a sì fún gbogbo bóòtì le kí a tó jáde lójoojúmọ́. Ojú òkè abẹ nìkan ni kí a pọ́n, kí ó má sì tín-ín-rín bí abẹ ìfárí, kí ó má baà kán. Kí a ha koríko tútù kúrò lábẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, nítorí òun ni ó ń mú irin dípàrà. Nígbà tí iṣẹ́ ọdún bá parí, kí a gbé e sábẹ́ òrùlé, lórí pákó.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Wákàtí kan tí a fi yẹ ẹ̀rọ wò lè gba owó ogún ènìyàn là, ó sì lè gba ẹsẹ̀ awakọ̀ kan là pẹ̀lú.

Ìbéèrè
1. Kí nìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ fi bóòtì líle rọ́pò bóòtì tí ó wà lára ọ̀pá?
2. Kí ni àwọ̀ epo inú gíábọ́ọ̀sì lè sọ fún olùrà?
3. Kọ àròkọ lórí ohun àlòkù kan tí a rà nílé yín, àti bí ẹ ti ń tọ́jú rẹ̀.