Àwòrán Géèmù Tó Ń Gé sí Méjì: Ohun Tó Yẹ Kí O Tàn, Ohun Tó Yẹ Kí O Pa

Bí o bá ń gbá géèmù bọ́ọ̀lù lórí kọ̀ǹpútà, tí ẹnì kan ta bọ́ọ̀lù gígùn láti apá kan pápá sí apá kejì, fojú sí òpó góòlù bí àwòrán ṣe ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù náà. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, wàá rí i tí òpó yẹn gé sí méjì: òkè rẹ̀ wà níbì kan, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kọ̀ǹpútà rẹ kò bàjẹ́. Ìrìn káàdì gráfíìkì àti ti mọ́nítọ̀ ni kò dọ́gba.

Mọ́nítọ̀ tó jẹ́ 60 Hz ń ya àwòrán sójú rẹ̀ nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 16.7 ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Láti òkè ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ìlà tẹ̀lé ìlà, títí yóò fi dé ìsàlẹ̀, iye yẹn kì í sì í yẹ̀. Káàdì gráfíìkì kò rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí kò sí ohun púpọ̀ lójú, ó lè ṣe àwòrán 90 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Níbi tí èrò, èéfín àti òjìji bá pọ̀, ó lè já sí 45. Tó bá gbé àwòrán tuntun kalẹ̀ nígbà tí mọ́nítọ̀ kò tíì ya èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, òkè á jẹ́ ti àtijọ́, ìsàlẹ̀ á jẹ́ ti tuntun. Òun ni àwọn tó ń gbá géèmù ń pè ní "tearing".

Ohun tí V-Sync, ètò kan tí o lè tàn nínú géèmù, ń ṣe sí i ni pé ó ń dá káàdì dúró. Àwòrán ìbáà ti ṣetán, káàdì kò gbọdọ̀ gbé e jáde títí mọ́nítọ̀ á fi parí, tí yóò fẹ́ padà sókè láti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Àwòrán kò ní gé mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ rẹ. Ká ní àwòrán kan gba káàdì ní mílísẹ́kọ́ǹdì 17. Bíńtín ló fi pẹ́, àmọ́ mọ́nítọ̀ ti kọjá lọ. Káàdì á dúró de ìyípo tó kàn, ìwọ á sì tún máa wo àwòrán àtijọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bí gbogbo wọn bá ń pẹ́ bẹ́ẹ̀, 60 á já sí 30 lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ káàdì rẹ lágbára àti ṣe 58. Tó bá tún rẹ̀ ẹ́ ju ìyẹn lọ, 20 ló kàn. Àwọn géèmù tó ní ibi ìpamọ́ àwòrán mẹ́ta dípò méjì ń dín jíjá yìí kù, ṣùgbọ́n wọn kò mú un kúrò pátápátá. Èyí tó tún ń dun àwọn tó ń gbá géèmù ìbọn ni pé àwòrán tó ń dúró de àyè ń pẹ́ kó tó débi ojú rẹ: o ti tẹ bọ́tìnì, ìbọn kò tíì dún.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, ní Montreal lórílẹ̀-èdè Kánádà, ilé-iṣẹ́ NVIDIA gbé G-Sync jáde, ó sì yí ọ̀rọ̀ náà padà: mọ́nítọ̀ ni kó máa dúró de káàdì. Bí onílù bàtá ṣe ń ṣọ́ ẹsẹ̀ oníjó, bẹ́ẹ̀ ni mọ́nítọ̀ ń ṣọ́ káàdì. Ìgbà tí àwòrán bá ṣetán ló máa yà á. Tí káàdì bá ṣe 58, mọ́nítọ̀ á di 58 Hz. Tó bá já sí 51, òun náà á bá a lọ. Ẹ̀rọ pàtàkì kan tí wọ́n fi sínú mọ́nítọ̀ G-Sync ló mú kó wọ́n nígbà náà. Ní 2014, ilé-iṣẹ́ AMD gbé FreeSync wá, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ẹgbẹ́ VESA sì fi Adaptive-Sync kún ìlànà DisplayPort 1.2a, tí kò béèrè fún ẹ̀rọ yẹn. Láti oṣù Kìíní 2019 ni NVIDIA ti gbà kí káàdì rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti GTX 10, máa bá irú mọ́nítọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. PlayStation 5 gba tirẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2022, láti 48 Hz dé 120 Hz.

Ohun tí mo fẹ́ kí o wò kí o tó ra mọ́nítọ̀, pàápàá tokunbo, ni iye Hz tí agbára àtitẹ̀lé káàdì yìí ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Orúkọ FreeSync lára páálí kò tó. Ká mú mọ́nítọ̀ tó lè rìn láti 48 Hz dé 144 Hz ṣe àpẹẹrẹ. Bí géèmù bá já sí 40, yóò fi àwòrán kọ̀ọ̀kan hàn lẹ́ẹ̀mejì, á di 80 Hz, o kò sì ní mọ nǹkan kan. Èyí tó jẹ́ 48 dé 75 kò lè ṣe é, nítorí 80 ti kọjá agbára rẹ̀. Níbẹ̀ gan-an, nígbà tí o nílò rẹ̀ jù, ló máa já ọ kulẹ̀. Ka nọ́ńbà ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ náà, kí o sì wá a lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kí o tó sanwó.

Nígbà tó bá délé, bẹ̀rẹ̀ láti ara wáyà. Bí káàdì rẹ bá jẹ́ NVIDIA, lo DisplayPort. Tẹ bọ́tìnì ara mọ́nítọ̀, kí o tan FreeSync tàbí Adaptive-Sync nínú rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń tà ní pípa. Lẹ́yìn náà, wọ Windows, níbi Advanced display, kí o yan Hz tó ga jù. Èèyàn púpọ̀ ló ra 144 tó ń fi 60 wò ó. Tan G-Sync nínú NVIDIA Control Panel, tàbí FreeSync nínú AMD Software.

Ohun tó kù ló ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: fi òpin sí iye àwòrán. Lórí 144 Hz, fi sí 141. Tí káàdì bá kọjá 144, mọ́nítọ̀ kò lè bá a mọ́, gígé á padà, tàbí V-Sync á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá a dúró. Lórí NVIDIA, èmi á pa V-Sync nínú géèmù, màá sì tàn án nínú Control Panel, kó lè mú àwòrán tó bá fẹ́ yọ́ kọjá. Bí mọ́nítọ̀ rẹ bá lè fi iye Hz hàn ní igun, ṣí i kí o sì yí kámẹ́rà géèmù kiri. Bí nọ́ńbà yẹn bá ń lọ sókè sódò, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ojú mọ́nítọ̀ bá ń ṣẹ́ wìràwìrà nígbà tí iye àwòrán ń lọ sókè sódò, pàápàá lórí mọ́nítọ̀ irú VA tàbí OLED, fífi òpin sí iye àwòrán níbi tí káàdì lè dúró sí láìjá ni yóò dín in kù.

Ẹni tó ní mọ́nítọ̀ àtijọ́ 60 Hz, tí káàdì rẹ̀ kì í já sísàlẹ̀ 60, kó máa lo V-Sync rẹ̀ lọ. Ó ṣì dára fún un. Ìwọ tí o ń fowó jọ láti ra káàdì tuntun torí pé géèmù ń fà, jọ̀wọ́, kọ́kọ́ fi bọ́tìnì wo ètò inú mọ́nítọ̀ tó wà níwájú rẹ. Ó ṣeé ṣe kí Adaptive-Sync ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí o ti rà á.