Iná kú, eérú kù

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2023, Jámánì ti ilé iṣẹ́ iná núkílíà mẹ́ta tó ṣẹ́kù fún un pa: Isar 2, Emsland àti Neckarwestheim 2. Akọ̀ròyìn lè sáré kọ ọ́ pé “Jámánì pa iná núkílíà”. Gírámà rẹ̀ ò lẹ́bi, àmọ́ “pa” yẹn ò bá ibẹ̀ mu.

Fìtílà tí a pa, ó kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń jó nínú ilé iṣẹ́ núkílíà. Uranium ló ń là, tí lílà rẹ̀ ń mú ooru jáde. Lílà yẹn ṣeé dá dúró kíá. Ṣùgbọ́n ooru kì í tètè tán nínú rẹ̀, dandan ni kí omi tútù máa ṣàn kọjá lára rẹ̀. Ẹ rántí ilé iṣẹ́ núkílíà Fukushima ní Jàpáànù, ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011. Ilẹ̀ mì, àwọn ẹ̀rọ sì dúró fúnra wọn bó ti yẹ. Òkun ló wá ya dé, ó ba jẹnẹrétọ̀ tó yẹ kó máa fa omi jẹ́, inú mẹ́ta nínú wọn sì yọ́. Wọ́n ti pa á, kò kú. Angela Merkel, olórí ìjọba Jámánì nígbà náà, tí ìjọba rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọdún kún ti àwọn ilé iṣẹ́ núkílíà ibẹ̀ ní 2010, yí ohùn padà. Mẹ́jọ ni wọ́n tì pa lọ́dún 2011.

“Kógbá sílé” ni èmi fara mọ́: núkílíà kógbá sílé ní Jámánì. Tó bá jẹ́ èédú ni, “pa iná” tọ̀nà gan-an, torí èédú ń jó ní tòótọ́. Òfin ọdún 2020 sì fún un di 2038, ó pẹ́ tán.

Òwe kan tún wà níbẹ̀: bí iná bá kú, a feérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ìdajì kejì ló máa ń yá wa lẹ́nu, pàápàá níbi ìsìnkú àgbà tó bímọ. Afẹ́fẹ́, oòrùn àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, tí òfin ti ń gbè lẹ́sẹ̀ láti ọdún 2000, pèsè ju ìdajì iná tí Jámánì lò ní 2023. Ẹni tó bá fẹ́ yarí lè ní afẹ́fẹ́ ò ti ìdí núkílíà hù. Òótọ́ ni, àmọ́ “rọ́pò” ò béèrè ìbátan.

Ẹ má kàn gé eérú kúrò nínú òwe náà. Jámánì ò tíì rí ibi tí yóò ri uranium tó ti lò tán mọ́ títí ayé. Gorleben, ibi tí wọ́n ti ń fojú sí láti 1977, wọ́n yọ ọ́ kúrò ní 2020, wọ́n sì ń wá ibòmíràn.